Ìlédìí Ọmọ Wa: Ti Aṣọ Ni Tàbí Àlòsọnù?



Bóyá ẹnìkan ń wí nínú ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlédìí ọmọ-ọwọ́ kò yẹ láti mú wá síwájú àwọn àgbà ọkùnrin. Mo bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó mú sùúrù. Òótọ́ ni pé ìyá ni ó ń so ìlédìí mọ́ ọmọ nídìí. Ṣùgbọ́n àpò baba ni owó rẹ̀ ti ń jáde, ojú gọ́tà ìlú ni ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ tí ó kan àpò baba tí ó sì kan ìlú kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan mọ́.

Àkísà aṣọ tí ó ti rọ̀ ni àwọn ìyá ńlá wa fi ń ṣe ìlédìí. Nígbà tí ó yá ni nápíkìn funfun dé, tí a ń fọ̀ tí a sì ń sá sí oòrùn. Ní 1961, ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble ní Amẹ́ríkà gbé Pampers jáde, orúkọ náà sì ràn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó ṣe ìlédìí àlòsọnù, páńpáàsì náà ni àwa ń pè é. Òwú tí a fi igi ṣe ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ̀fun kẹ́míkà tí ń fa omi mu. Ọ̀rá ni ó sì bò ó lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìyá tí ó ń pọn ọmọ wọ ọkọ̀ ní ìdájí, tàbí tí ó ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, mọ ìdí tí òun fi ń rà á. Ẹni tí kò bá sì tí ì fọ aṣọ ìgbẹ́ ọmọ ní àárín òjò oṣù Keje, nígbà tí oòrùn kò yọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó má ṣe yára pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò. Bí ọmọ bá ń lo mẹ́fà lóòjọ́, yóò lo 2,190 ní ọdún kan. Bí ó bá lo ọdún méjì àbọ̀ kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ ìlédìí, ó di 5,475. Kí olúkúlùkù baba fi iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan ní ọjà ìlú rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, yóò rí iye owó tí ó ń lọ sí ààtàn. Ìlédìí aṣọ bí 24 tó láti fi tọ́ ọmọ kan, àbúrò rẹ̀ a sì tún lò ó.

Láti 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ gidigidi ni ọ̀ràn náà ti le sí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Procter & Gamble kéde pé òun kò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé kíkó wọlé ni yóò kù. Kimberly-Clark tí ń ṣe Huggies, tí ó ṣí ilé-iṣẹ́ sí Ìkòròdú ní 2022, kógbá sílé ní 2024. Ìyá tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ yóò wá fi ẹyọ kan sílẹ̀ nídìí ọmọ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tí ó pẹ́ lára ni ó sì ń bó awọ ìdí ọmọ.

Àwọn kan yóò wí pé fífọ aṣọ ń fi omi àti iná ṣòfò. Àjọ tí ń bójú tó àyíká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wádìí èyí, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2005 àti ní 2008. Wọ́n rí i pé nínú bíba ojú ọjọ́ jẹ́, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àti pé ọwọ́ ẹni tí ń fọ aṣọ ni ọ̀ràn wà. Ẹni tí ó bá fọ púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ó sá a sí ìta dípò kí ó fi ẹ̀rọ mú un gbẹ, tí ó sì tún lò ó fún ọmọ kejì, lè dín ìpalára ti aṣọ kù ní bí 40 nínú 100. Oòrùn tí àwọn ará ibẹ̀ ń wá, Ọlọ́run ti fi ta àwa lọ́rẹ.

Ẹ̀yin ìjòyè, ó kan tiyín. Ìgbẹ́ ọmọdé ń gbé àrùn gẹ́gẹ́ bí ti àgbà. Páńpáàsì tí a jù sí gọ́tà kì í jẹrà bọ̀rọ̀, ọ̀nà omi ni ó ń dí. Ìbàdàn kò gbàgbé Odò Ògùnpa ní oṣù Kẹjọ 1980. Kì í ṣe páńpáàsì ni ó fa omíyalé ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí a dà sí ojú odò wà lára ohun tí ó fà á.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi nìyí. Èkíní, ọ̀nà kan kò wọ ọjà: kí a fi ti aṣọ ṣe ti ilé àti ti ọ̀sán, kí a fi àlòsọnù ṣe ti ìrìn-àjò àti ti ìgbà òjò. Èkejì, èyíkéyìí tí a bá lò, kí a kọ́kọ́ da ìgbẹ́ inú rẹ̀ sí ṣáláńgá, kí a sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ̀kẹta, kí baba tí ó bá ní kí a lo aṣọ mọ̀ pé omi pípọn ti di ẹrù òun náà. Ẹni tí ó pàṣẹ aṣọ tí kò pèsè omi, iṣẹ́ ni ó fi kún iṣẹ́ aya rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ìjòyè yan ibi tí a ó máa kó ìdọ̀tí sí ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì rí i pé a ń kó o kúrò.

Àwọn baba wa wí pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìdí ọmọ tiwa ni mo bẹ̀ yín fún lónìí, àti ìlú tí àwọn ọmọ náà yóò jogún. Ọlọ́run yóò dá wọn sí fún wa.