Ọ̀ṣọ́ Ojú Fèrèsé nínú Openbox

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni ti àwọn fèrèsé tí í máa ṣí lójú kọ̀ǹpútà, àti ti ẹni tí ó ní àṣẹ láti kùn wọ́n ní ọ̀dà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ti yan gbogbo rẹ̀ tán. Lórí Linux, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá X Window System sílẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1984, ni wọ́n ti ya iṣẹ́ méjì sọ́tọ̀. X ń ya àwòrán sójú gíláàsì. Ètò mìíràn, ìyẹn olùdarí fèrèsé, ni ó ń fi férémù yí fèrèsé ká. Ta ni ó kọ orúkọ sí àtẹ́rígbà fèrèsé? Olùdarí ni. Ta ni ó fi bọ́tìnì ìtìlẹ̀kùn síbẹ̀? Òun náà ni. Bí ènìyàn bá pààrọ̀ rẹ̀, ìrísí ilé yí padà, iṣẹ́ inú ilé kò sì yẹ̀.

Openbox jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdarí tí kò wúwo. Dana Jansens ni ó pilẹ̀ rẹ̀ láti ara Blackbox, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di Openbox 3, wọ́n tún un kọ láti ìpìlẹ̀. Férémù àti àtòjọ àṣẹ nìkan ni ó ń bójú tó, nítorí náà ni kọ̀ǹpútà tí ó ti gbó fi lè gbé e láìmí hẹlẹ.

Inú fáìlì `themerc` ni ètò ọ̀ṣọ́ náà wà. Inú `~/.themes` ni wọ́n ń fi í sí, lábẹ́ orúkọ ọ̀ṣọ́ náà, nínú `openbox-3`. Ọ̀rọ̀ lásán ni ó wà níbẹ̀: orúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ yí, àmì méjì, àti iye tàbí àwọ̀ rẹ̀.

Níhìn-ín gan-an ni ọ̀ràn wà. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀ṣọ́ tí ó wà káàkiri, ọ̀dọ́ tí ojú rẹ̀ mú ni ó ṣe wọ́n: etí fèrèsé kò ju píksẹ́lì 1 lọ, eérú sì ń bẹ lórí eérú. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì kò ní mọ fèrèsé tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Yóò tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sínú lẹ́tà tí ó ń kọ sí ẹlòmíràn. Ẹwà kọ́ nìyẹn, ewu ni. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún `window.active.title.bg.color` ní àwọ̀ tí ó hàn kedere, kí ó sì sọ `border.width` di 5, kí ọwọ́ lè rí etí fèrèsé dì mú. Bí etí náà bá ṣì kéré, kí ó tẹ Alt, kí ó fi bọ́tìnì ọ̀tún eku fa fèrèsé náà.

Ètò àwọn bọ́tìnì wà nínú fáìlì mìíràn, `rc.xml`, níbi `titleLayout`. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ohun kan. C ni ìtìlẹ̀kùn, L ni orúkọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lè kọ `CLIM`, kí ìtìlẹ̀kùn dá wà lápá òsì, kí ó má baà ṣèèṣì ti iṣẹ́ rẹ̀ pa. Fáìlì yìí kan náà ni wọ́n ti ń yan irú lẹ́tà. DejaVu Sans dára fún ẹni tí ó ń fi Yorùbá sọ fáìlì lórúkọ, nítorí ó ní ẹ, ọ àti ṣ. Kí ó tọ́jú ẹ̀dà ti àtijọ́ ná, lẹ́yìn náà kí ó pa àṣẹ `openbox --reconfigure`. Kò sí fèrèsé tí yóò tì.

Agbára Openbox kò kọjá férémù. Àwọn ètò kan wà tí wọ́n ń ya àtẹ́rígbà tiwọn fúnra wọn, ọ̀ṣọ́ rẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. X nìkan ni ó sì ń bá ṣiṣẹ́, kì í ṣe Wayland. Ṣùgbọ́n labwc, tí ó jẹ́ ti Wayland, ń ka `themerc` ti Openbox, òun náà ni Raspberry Pi OS sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024.