Ẹ̀fọ́ Kọ́ Ni Ọ̀tá Oògùn Ẹ̀jẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ tó gba ilé ní Festac níhìn-ín, ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, lẹ́yìn àjọ̀dún àṣà 1977 ti di bàbá àti ìyá àgbà, bẹ́ẹ̀ bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè ni ọkàn tí ń lù ségesège ṣe ń wọ́pọ̀ sí i. Ìdí kan nìyẹn tí oògùn tí gbogbo wa ń pè ní “blood thinner” fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì àgbàlagbà. Oògùn yìí kì í bu omi lu ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe máa wà. Dídì rẹ̀ ni oògùn ń dá dúró, kó má baà dì sínú ọkàn tàbí sínú iṣan ẹsẹ̀, kó wá ṣí lọ dí ọpọlọ tàbí ẹ̀dọ̀fóró.

Níbi tí a ti ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Aláìsàn gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ òun yóò fẹ́lẹ́, ó rò pé àìtó ẹ̀jẹ̀ ni, ó bá gba ọjà Agbójú lọ ra ugu. Ó fọ̀ ọ́, ó gún un, ó fún omi rẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù, ó da mílíìkì àti mọ́ọ̀tì sí i, ó ń mu ún láàárọ̀ lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Fítámì K kún inú ugu fọ́fọ́, òun gan-an sì ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì; iṣẹ́ yìí ni warfarin, ọ̀kan lára àwọn oògùn tí à ń sọ, ń dínà. Nọ́ńbà INR, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, tó yẹ kó wà láàárín 2 sí 3 fún ọ̀pọ̀ aláìsàn yóò já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì tún ráyè dì. Àwọn kan wá sọ pé ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lo warfarin kò fi gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀fọ́ mọ́ láéláé. Èmi kò gbà, n kò sì ní yé bá wọn jiyàn. Ẹni tó sá fún ẹ̀fọ́ pátápátá kò ní fítámì K púpọ̀ nípamọ́. Ewédú ọjọ́ kan péré níbi ìnáwó lè mi nọ́ńbà rẹ̀ jìgìjìgì. Ní Newcastle, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 fún àwọn tí nọ́ńbà wọn kì í dúró lójú kan ní fítámì K díẹ̀, máíkírógíráàmù 150 lójúmọ́, nọ́ńbà wọn sì fìdí múlẹ̀ ju ti àwọn tí kò gbà á. Ohun tí oògùn yìí ń fẹ́ ni ìwọ̀n kan náà: bó bá jẹ́ ṣíbí ẹ̀fọ́ méjì lo ń jẹ lójúmọ́, máa jẹ méjì náà lọ. Ó dùn mí pé a ṣì ń fi ebi ẹ̀fọ́ pa aláìsàn nítorí ìmọ̀ràn tí kò pé.

Àwọn mìíràn ní oògùn eku ni warfarin. Òótọ́ ni pé ní 1948 wọ́n kọ́kọ́ fi warfarin pa eku ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó gbà á fún ènìyàn ní 1954. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ló yàtọ̀, nítorí ìwọ̀n yẹn la sì ṣe ń ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tó bá sọ pé àwọn oògùn tuntun bíi rivaroxaban kò ní wàhálà ẹ̀fọ́, òótọ́ ló sọ, àmọ́ wọn kò wà fún ẹni tí wọ́n fi fáàfù irin sí lọ́kàn, agbára wọn sì ń tán lára láàárín ọjọ́ kan. Nítorí náà, ẹ má fo oògùn lọ́jọ́ kankan nítorí owó láì sọ fún dókítà.

Aago ti ń lé mi. Ibuprofen, aspirin, Flagyl, Septrin àti àgbo: ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó lò wọ́n pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ yìí. Obìnrin tó bá fẹ́ lóyún, kó tètè sọ, nítorí warfarin lè ba ọmọ inú jẹ́. Ẹni tó bá sì ṣubú lórí ọ̀kadà, tó forí gbá ilẹ̀, kó lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, bí kò tiẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ kankan: ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú agbárí.