Ìjà Olówó Méjì àti Ẹni Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ayẹyẹ ọdún kẹwàá

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ báńkì ni n óò sọ. Akọ̀wé wa tilẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ètò pé n óò kọ́ wa bí a ṣe ń fi owó pamọ́. Ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ owó náà ni, ṣùgbọ́n orí yìnyín ni n óò gbà dé ibẹ̀. Eré họ́kì ti ilẹ̀ Kánádà ni mo gbé wá. Mo rí àwọn tó ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rọra ná.

Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ pé ìlú Calgary ni mo ti lọ kàwé sí i, láti ọdún 2003 sí 2005. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Orúkọ ni. Mo wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí ọmọdékùnrin òyìnbó pọ́ńbélé kan tó wọ ẹ̀wù pupa. Nọ́ńbà 12 wà lẹ́yìn ẹ̀wù náà, wọ́n sì kọ IGINLA sókè rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Igi ńlá! Lẹ́yìn ọmọ òyìnbó! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i ní Yorùbá.

Jarome Iginla ni balógun kíláàbù Calgary Flames nígbà náà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ti Nàìjíríà lọ sí Kánádà, ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Amẹ́ríkà. Adékúnlé wà lára orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìlú Edmonton ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1977. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ká ní ìlú wa ni wọ́n bí i sí ni, inú ẹgbẹ́ yìí ni ì bá wà, Akápò ì bá sì ti máa lé e kiri nítorí owó oṣooṣù.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà: ènìyàn mẹ́fà mẹ́fà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, bàtà onírin lẹ́sẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n ń lé rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan lórí yìnyín. Líìgì tó ga jù ni wọ́n ń pè ní NHL. Kíláàbù 30 ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí mò ń sọ yìí, díẹ̀ ní Kánádà, èyí tó pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Ife Stanley Cup ni wọ́n ń dù.

Fún ọdún méje gbáko, Flames kò tilẹ̀ dé ìpele àṣekágbá tí wọ́n ti ń yọ ara wọn. Àfi bí wọ́n ṣe débẹ̀ ní ọdún 2004, tí wọ́n na Vancouver, tí wọ́n na Detroit, tí wọ́n na San Jose. Òpópónà kẹtàdínlógún pupa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ rántí bí ìlú ṣe ń rí lọ́jọ́ Ojúde Ọba, kí ẹ yọ ẹṣin kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi òtútù sí i. Mò ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ilé oúnjẹ kan tí kò jìnnà sí pápá Saddledome. Mò ń fọ abọ́, mo sì ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà nígbà tí èrò bá pọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí eré bá wà, owó tí oníbàárà ń fi sílẹ̀ lórí tábìlì fún mi ju owó iṣẹ́ mi lọ. Òun ni mo fi ń san owó yàrá.

Wọ́n bá Tampa Bay pàdé ní àṣekágbá, wọ́n ti borí ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí méjì, ó ku ẹyọ kan. Wọn kò rí i. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, Tampa Bay fi góòlù méjì sí ẹyọ kan gba ife. Bàbá kan wà tó máa ń jókòó sídìí fèrèsé wa, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì. Láti ọdún 1983 tí wọ́n ti ṣí Saddledome ló ti ń san owó ìjókòó méjì lọ́dọọdún, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún àbúrò rẹ̀. Ó sunkún lójú mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ó wá nu ojú, ó ní kò burú, oṣù Kẹwàá kò jìnnà mọ́.

Oṣù Kẹwàá dé, eré kò sí. Láti ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ni ilẹ̀kùn ti tì.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìyanṣẹ́lódì o. Àwa ní Nàìjíríà, tí a bá ti gbọ́ ìjà òṣìṣẹ́, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé òṣìṣẹ́ ló fi iṣẹ́ sílẹ̀. Níhìn-ín, àwọn tó ni kíláàbù ló ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn agbáhọ́kì síta nígbà tí àdéhùn wọn parí. Wọ́n ní owó oṣù ti pọ̀ jù. Wọ́n gbé Arthur Levitt, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá àjọ tó ń mójú tó ọjà ìpín ìdókòwò Amẹ́ríkà, kó yẹ ìwé wọn wò. Ó ní kíláàbù lápapọ̀ pàdánù mílíọ̀nù 273 dọ́là ní sáà 2002 sí 2003, àti pé ìdá 75 nínú 100 owó tó ń wọlé ni àwọn agbáhọ́kì ń kó lọ. Ẹgbẹ́ àwọn agbáhọ́kì ní àwọn kò gba ìṣirò náà gbọ́. Wọ́n ní ta ló gbà á síṣẹ́? Ìbéèrè tó dára ni, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ayẹ̀wéwò rí.

N kò ní sọ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí àwọn tó ni kíláàbù sọ. Dọ́là Kánádà ni ará Calgary fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, dọ́là Amẹ́ríkà ni kíláàbù fi ń san owó oṣù, gbogbo wa níhìn-ín la sì mọ ohun tí pàṣípààrọ̀ owó lè fojú ènìyàn rí. Quebec ti pàdánù kíláàbù rẹ̀ ní 1995, Winnipeg ní 1996. Wọ́n kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀rù kí wọ́n má kó Flames náà lọ ń ba àwọn ènìyàn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn fi ń gbè sẹ́yìn àwọn tó ni kíláàbù. Ohun tí àwọn yẹn fẹ́ ni gbèdéke lórí iye tí kíláàbù kan lè ná sórí gbogbo agbáhọ́kì rẹ̀ lọ́dún. Àwọn agbáhọ́kì kọ̀ jálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí wọ́n fi máa gbà ní oṣù Kejì 2005, wọ́n ní ó kéré tán, mílíọ̀nù 49. Gary Bettman, ọ̀gá àgbà NHL, ní mílíọ̀nù 42 àti ààbọ̀, kò kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì, ó fagi lé gbogbo sáà náà, eré 1,230.

Iṣẹ́ mi kò jẹ́ kí n lè fojú fo èyí. Mílíọ̀nù mẹ́fà àti ààbọ̀ ló wà láàárín wọn. Ẹ sọ ọ́ di ọgbọ̀n kíláàbù, mílíọ̀nù 195 ni. Wọ́n sì jọ da iṣẹ́ ọdún kan tó ń mú owó tó lé ní bílíọ̀nù méjì wọlé nù. Bí ẹnì kan bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá yá owó lọ́dọ̀ mi, n óò rọra dá a padà fún un. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ìṣirò ọdún kan kọ́ ni àwọn tó ni kíláàbù ń ṣe. Ìṣirò ogún ọdún ni. Agbáhọ́kì kò ní ogún ọdún. Eegun rẹ̀ kò ní gbà fún un. Ẹni tó lè dúró pẹ́ jù ló borí. Ní oṣù Keje, àwọn agbáhọ́kì gba mílíọ̀nù 39, èyí tó kéré sí ohun tí wọ́n kọ̀ ní oṣù Kejì, wọ́n sì gé ìdá 24 nínú 100 kúrò nínú owó tó wà nínú àdéhùn wọn.

Ẹni kẹta ńkọ́, ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì? Kò sí àga fún un nídìí tábìlì. Ẹ̀gbẹ́ rédíò ló wà. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fagi lé sáà náà, ìròyìn gbòde pé wọ́n ti ń padà bọ̀, pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yanjú. Àwọn ènìyàn wá sí ilé oúnjẹ wa lọ́jọ́ Sátidé náà láti gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Wọ́n ṣèpàdé ní New York fún wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀, wọ́n túká lásán. Àyè tí tẹlifíṣọ̀n ìjọba fi ń ṣe họ́kì lálẹ́ Sátidé, fíìmù ni wọ́n fi dí i. Bàbá ìdí fèrèsé sọ fún mi pé òun ti ń sanwó fún wọn fún ọdún mọ́kànlélógún, ẹnì kan kò pe òun rí láti bi òun pé kí ni òun rí sí i. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ibẹ̀ mọ́ láyé. Adrienne Clarkson, Gómìnà Àgbà Kánádà nígbà náà, tilẹ̀ dábàá pé kí wọ́n gbé ife náà fún àwọn obìnrin tó ń gbá họ́kì. Ní tèmi, òun ló sọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání jù ní gbogbo ọdún náà, wọn kò sì gbà fún un. Láti 1919 tí àrùn lọ̀fínńdà ti dá àṣekágbá dúró, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni kò gba ife náà. Wọ́n fín in sára rẹ̀ pé wọn kò gbá eré ọdún náà.

Èmi náà? Ọ̀gá ilé oúnjẹ wa dá mi dúró ní oṣù Kọkànlá. Kò bínú sí mi, n kò bínú sí i. Kò sí èrò. N kò ra tíkẹ́ẹ̀tì rí, n kò gba dọ́là kan lọ́wọ́ NHL, síbẹ̀ ìjà wọn dé yàrá mi. Owó tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ránṣẹ́ láti Èkó ni mo fi jẹun dé oṣù Kejì. Ó jókòó síhìn-ín lónìí. Ẹ ṣeun, mà.

Nígbà tí eré padà ní oṣù Kẹwàá 2005, wọ́n kọ ọ́ sórí yìnyín pé àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́. Èrò tó wá wòran lọ́dún náà lé ní ogún mílíọ̀nù, ó ju ti ìgbàkigbà tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bàbá ìdí fèrèsé wà níbẹ̀, nínú ẹ̀wù pupa. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ẹni tó bá bínú sí báńkì mi lè gbé owó rẹ̀ sọdá títì. Ibo ni olólùfẹ́ Flames fẹ́ gbé tirẹ̀ lọ? Sí Edmonton? Ẹ lọ sọ fún ọmọ Ìbàdàn tó ń ṣe Shooting Stars pé kó máa patẹ́wọ́ fún Rangers ti Enugu.

Mo fẹ́ dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ara mi ló ń kan. Ní ọdún kẹfà ẹgbẹ́ wa, nígbà tí àwọn olóyè àti ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ ń jà lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn, oṣù mẹ́jọ ni a kò fi ṣèpàdé. Mo wà lára àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé sọ̀wédowó nígbà náà, àlọ́ọ̀tì báńkì sì ń wọ fóònù mi. Láàárín oṣù mẹ́jọ náà, owó oṣooṣù kò dúró. Láti Ìlọrin, láti Pọta, láti ọ̀dọ̀ ẹni wa kan tó ń wa takisí ní London, ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbẹ̀rún méjì. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ibi báyìí ni ọ̀rọ̀ dé. Èmi ni Alukoro. Èmi ló yẹ kó sọ ọ́, mo dákẹ́ nítorí pé mo ti yan apá kan nínú ìjà náà. Ẹ̀yin tí ẹ san owó náà, mo bẹ̀ yín.

NHL tún ti ilẹ̀kùn ní oṣù Kẹsàn-án 2012. Mo ti padà sílé, mo ti wọ iṣẹ́ báńkì. Lórí bí wọn yóò ṣe pín owó tó ń wọlé ni lọ́tẹ̀ yìí: ìdá 57 nínú 100 tí àwọn agbáhọ́kì ń gbà di àádọ́ta. Inú àwọn olólùfẹ́ kan le débi pé wọ́n polongo pé iye eré tí wọ́n bá fagi lé lẹ́yìn ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ni àwọn náà yóò kọ̀ láti wò. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní 2013 ni wọ́n tó parí rẹ̀, eré 510 ti lọ, 48 ló kù fún kíláàbù kọ̀ọ̀kan dípò 82.

Iginla ti pé ọmọ ọdún 35. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, Calgary fi í ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí Pittsburgh lẹ́yìn eré 31. Ó gba góòlù 625 sílé kó tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì yàn án sí ilé àwọn olókìkí họ́kì ní ọdún 2020, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò fọwọ́ kan Stanley Cup.

Bàbá ìdí fèrèsé kọ ìwé sí mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ tí Iginla lọ. Kò kọ púpọ̀. Ó ti jókòó, ó ti ṣírò: eré 82 ní ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí agbára ọmọkùnrin náà wà lókè téńté, 34 ní ìgbà kejì, ní sáà tó kẹ́yìn rẹ̀ ní Calgary. Eré 116. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé báńkì ni mo wà, kí n sọ fún òun, ọ̀dọ̀ ta ni òun yóò ti lọ gbà á.