ÌPÈSÈ IGI FÚN IṢẸ́ ỌNÀ TÍ A Ń YÍ ÒDE RẸ̀ SÍ INÚ



Ẹni tí ń gbẹ́ odó a máa gba ẹnu odó wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí a ń fi ẹ̀rọ ayígi ṣe, èyíinì ni ẹ̀rọ tí ń yí igi bírí níwájú irin mímú. Inú iṣẹ́ náà ṣófo, fèrèsé mẹ́rin yí i ká, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnu tí irin gbà wọ ibẹ̀. Ọ̀pá àbẹ́là àti ohun ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì ni a sábà máa ń fi í ṣe. Àṣírí rẹ̀ ni pé nígbà tí inú rẹ̀ ṣì jẹ́ òde ni a ti gbẹ́ ẹ.

Igi mẹ́rin tí ó dọ́gba ni a ń so pọ̀ di ọ̀kan. A ó gbẹ́ àárín gígùn rẹ̀ lórí ẹ̀rọ bí a ti fẹ́ kí inú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn èyí a ó tú wọn, a ó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà kí igun tí ó wà lóde lè bọ́ sí inú, a ó lẹ̀ wọ́n pọ̀ pátápátá, a ó sì gbẹ́ òde. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nínú iṣẹ́ yìí, òde ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ wọlé. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ tó yí rárá ni iṣẹ́ náà ti ń dára tàbí ti ń bàjẹ́. Ohun mẹ́rin ni kí a kíyè sí.

Èkínní ni igi fúnra rẹ̀. Kí ó gbẹ dáadáa, nítorí igi tútù a máa sún kì, a sì máa lọ́. Kí ìlà ara rẹ̀ gún, kí ó má sì ní kókó. Ọ̀gànwó dára fún un. Ìrókò pẹ̀lú dára, ṣùgbọ́n kí a fi aṣọ bo imú, nítorí eruku rẹ̀ a máa yọ àwọn ẹlòmíràn lẹ́nu.

Èkejì ni ìwọ̀n. Ká ní ìbú igi kọ̀ọ̀kan jẹ́ íńṣì 1 ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìbú àpapọ̀ wọn yóò jẹ́ íńṣì 2. Àwọn mìíràn a máa fi ìfági fá kìkì ojú méjì tí ó kọ́kọ́ kan ara wọn. Èyí kò tó, nítorí ojú méjì tí ó wà lóde lónìí ni a ó lẹ̀ pọ̀ lọ́la. Bí igun kan kò bá gún régé, àlàfo yóò hàn níbẹ̀ nígbà tí a bá yí wọn padà.

Ẹ̀kẹta ni àmì. Kí a kọ 1 dé 4 sí orí àti ìdí wọn, kí a sì tò wọ́n lọ́nà méjèèjì kí a tó fi gúlù kàn wọ́n. Igun tí ó bá lẹ́wà jù lọ ni kí a kọ́kọ́ kọ sí àárín, nítorí òun ni yóò bọ́ síta.

Ẹ̀kẹrin ni ìsopọ̀ àkọ́kọ́. Kí a fi tákàdá sáàárín gúlù, kí irin mímú lè là á ní ìrọ̀rùn. Ní ọ̀rúndún 17, àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá a máa so igi pọ̀, wọn a gbẹ́ ẹ lórí ẹ̀rọ, wọn a sì là á sí méjì, kí wọ́n lè fi àbọ̀ òpó ṣe àpótí lọ́ṣọ̀ọ́. Tákàdá tí ó kù lára igi kò ní dí wa lọ́wọ́, nítorí òde ni ojú náà yóò bọ́ sí. Ṣùgbọ́n kí ìsopọ̀ náà gbẹ dáadáa, kí a sì fi orí àti ìdí sílẹ̀ láìgbẹ́. Igi tí ó bá já kúrò lórí ẹ̀rọ kì í mọ ojú ọ̀gá yàtọ̀ sí ti ọmọ-iṣẹ́. Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí a wo ìsopọ̀ náà dáadáa, kí a sì fi awò bo ojú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe kánjú. Kí ẹ tó lẹ igi náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni kí ẹ ti dán ibi tí yóò di inú, nítorí nígbà tí ó bá ti pa dé, ọwọ́ kò lè dé ibẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ni yóò máa gba fèrèsé wò ó.