Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé ní Ìpàdé: Ẹni tí Ọ̀pá Ẹ̀yìn Rẹ̀ Fara Pa

  

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wa tó wà lórí ibùsùn nílé ni. Ọkọ̀ ẹrù ń dojú dé, ọ̀kadà ń gbé èèyàn ṣubú, alábàárù ń yọ̀ ṣubú pẹ̀lú àpò lórí. Bí ọrùn tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn bá fara pa, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ló ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Nǹkan méjì wà tí àwa tí à ń tọ́jú wọn kì í tètè mọ̀: iṣan tó ń gan, àti èémí tó ń ṣòro.

Okùn kan wà nínú eegun ẹ̀yìn tí ọpọlọ ń gbà ránṣẹ́ sí ara. Bí okùn yìí bá bàjẹ́, ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ rọ̀ jọwọrọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í gan, á máa gbọ̀n, á máa ta fúnra rẹ̀. Ará ilé kan á ní, "Ẹ wò ó, ó ti ń rìn bọ̀!" Òmíràn á ní ayé ló ń fà á. Irọ́ ni méjèèjì. Iṣan náà dà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò sí ní ìsọ̀, ohun tó wù ú ló ń ṣe.

Bí gígan náà bá ṣàdédé pọ̀ sí i, ẹ wá ìdí rẹ̀. Ìtọ̀ lè ti kún, ìgbẹ́ lè ti há, egbò lè ti yọ ní ìdí, èékánná lè ti wọ ẹran. Aláìsàn lè má mọ̀ pé ibẹ̀ ń dun òun, ara rẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ máa na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bí fìsíò ṣe kọ́ yín. Ẹ má fi agbára fà á. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o, kò ní mọ̀ títí ara á fi bó. Bí dókítà bá fún un ní baclofen, ẹ má dá a dúró lójijì torí pé owó tán. Ewu ńlá ni. Ẹ tètè sọ fún dókítà, ẹ sì sọ fún ẹgbẹ́.

Ó ku èémí. Iṣan ńlá abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣiṣẹ́ èémí jù, ọrùn sì ni àṣẹ rẹ̀ ti ń wá. Christopher Reeve, òṣèré Amẹ́ríkà tó ṣe Superman, ṣubú lórí ẹṣin ní 1995, ó fi òkè ọrùn ṣèṣe. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú ní 2004. Ẹni tó ṣèṣe nísàlẹ̀ ọrùn tàbí ní àyà lè dá mí, ṣùgbọ́n kò ní lágbára láti húkọ́ dáadáa. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dúró sí àyà, òtútù àyà á wọlé, ó sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù. Gígan iṣan náà tún lè fún àyà pọ̀ bí ọ̀já tó le jù.

Ẹ ní kí fìsíò kọ́ yín bí a ṣe ń fi ọwọ́ ti abẹ́ eegun ìhà sókè bí ó bá ń húkọ́. Ẹ má ṣe é bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì. Ẹ má dá iná igi nítòsí rẹ̀. Bí ibà bá dé, tí èémí ń yára, tí ètè ń dúdú, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà! Bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi, tí òógùn sì bo ojú rẹ̀, ẹ gbé e jókòó, ẹ tú aṣọ tó fún un, ẹ wò bóyá rọ́bà ìtọ̀ ti ká, kí ẹ sì sáré gbé e lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú ní ọjà, ẹ má fà á dìde, ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà. Ẹ di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kó dúró gbọnin, kí èèyàn bíi márùn-ún pawọ́ pọ̀ gbé e sórí pátákó.

Ẹni tó ń tọ́jú irú aláìsàn yìí kì í sùn, ìsọ̀ rẹ̀ á sì wà ní títì. Torí náà, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ wọn wá kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. A ó pín ọjọ́: ẹni tí yóò bá a jókòó ti aláìsàn, àti ẹni tí yóò bá a tajà. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.