Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀nà Tuntun

Ẹ̀yin ará Ẹdẹ, Ọ̀yọ́ ló rán Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná, wá síbí láti ṣọ́ ọ̀nà àwọn oníṣòwò. Lónìí, ogun ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2018 ni iléeṣẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà dá ẹ̀ka ìjagun orí kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ìgboyà nìkan ò tó fún ọ̀gá ibẹ̀. Dandan ni kó máa kàwé, torí ọgbọ́n olè ń yí padà lójoojúmọ́. Ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà tí kò rí ẹni tọ́ ọ sọ́nà, àwọn ọmọ Yahoo, oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ń dúró dè é. Ẹ̀yin ọ̀gá ológun tẹ́ ẹ wálé ìsinmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà ní Pólì Ẹdẹ, kẹ́ ẹ jókòó ti àwọn ọmọ wa.