Sáḿpúlà àti Ètò Orí Kọ̀ǹpútà: Èwo Ni Ó Yẹ Ẹni Tí Ń Ṣe Bíìtì?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú iṣẹ́ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ to ìlù fún orin, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní bíìtì. Àwọn kan ń lo ẹ̀rọ tí a mọ̀ sí sáḿpúlà. Àwọn mìíràn ń lo ètò tí a fi sínú kọ̀ǹpútà. Àríyànjiyàn agbo méjèèjì ti pẹ́. Àwọn ti ìṣáájú ní ẹni tí kò fi ọmọ ìka lu ẹ̀rọ kò tíì ṣe bíìtì. Àwọn ti ìkejì ní owó ni àwọn yẹn ń fi ṣòfò. Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò ná owó lé lórí.

Kí ni sáḿpúlà? Ẹ̀rọ tí ó ń gba ohùn sílẹ̀ ni, tí ó ń jẹ́ kí a gé ohùn náà sí wẹ́wẹ́, kí a sì tún un tò. Ní 1987, ilé-iṣẹ́ E-mu ní Amẹ́ríkà gbé SP-1200 jáde. Ní 1988, Akai ti ilẹ̀ Japan gbé MPC60 jáde, èyí tí Roger Linn ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀. Ojú ìtẹ̀ 16 ni ó wà lórí rẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin ní ìlà mẹ́rin, ìka ni a sì fi ń lù wọ́n.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé gbogbo ohùn tí SP-1200 lè gbà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ. Kí ni àwọn tí ń lò ó ṣe? Àwo orin tí ó yẹ kí ó yí ní ìgbà 33 ní ìṣẹ́jú kan, wọn a mú un sáré dé ìgbà 45, kí ohùn rẹ̀ lè kúrú. Bí ó bá wọ inú ẹ̀rọ tán, wọn a tún dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ohùn náà a wá há díẹ̀, a sì ki. Àìtó yìí gan-an ni ó di adùn iṣẹ́ wọn.

A kò sì lè gbójú fo James Yancey, ọmọ Detroit tí ayé mọ̀ sí J Dilla, tí ó kú ní 2006 ní ẹni ọdún 32. Ẹ̀rọ MPC3000, tí ó jáde ní 1994, ni ó fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ìlù kan ṣáájú díẹ̀, kí òmíràn sì fà sẹ́yìn díẹ̀, tí yóò fi dà bí ẹni pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni ó ń lù ú. Ẹ̀rọ rẹ̀ náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní Washington.

Ètò orí kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ní 1997 ni Image-Line ti ilẹ̀ Belgium gbé FruityLoops jáde; FL Studio ni wọ́n sọ ọ́ dà ní 2003. Níbẹ̀, ojú ni ó ń ṣáájú ọwọ́. Àwọn àpótí kéékèèké ni a tò ní ìlà. Èyí tí a bá tẹ̀ ni ìlù yóò ti dún. Ohùn a hàn bí àwòrán, a sì lè tún àṣìṣe ṣe láìba ìyókù jẹ́. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ní kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, ìnáwó rẹ̀ kò pọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi gbilẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ olórin Èkó. Àwọn kan pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé. Ṣùgbọ́n ní 2003, 9th Wonder, ọmọ North Carolina, fi FruityLoops ṣe àwo The Listening ti ẹgbẹ́ Little Brother, ó sì fi ṣe orin kan nínú The Black Album ti Jay-Z. Ẹ̀gàn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun èlò ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹgbẹ̀rún ohùn ìlù níwájú lè pẹ́ nídìí yíyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. A lè ṣí ìlù kúrò lójú ìlà lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tí etí rẹ̀ kò tíì gbọ́ ọ kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun ṣe é.

Ní ti Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé dùndún ń sọ̀rọ̀. Bí onílù bá fi gángan pe igbá, ohùn àárín àti ohùn òkè ni a óò gbọ́. Bí ó bá pe igba, ohùn àárín méjì ni. Bí ó bá pe ìgbà, ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni. Bí a bá gba ìlù náà sínú ẹ̀rọ, tí a gbé gbogbo rẹ̀ sókè pọ̀, ọ̀rọ̀ kò bàjẹ́, nítorí pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohùn kan àti èkejì ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ohùn òkè kúrò ní ìparí igbá, tí a fi ohùn àárín rọ́pò rẹ̀, igba ni ìlù sọ. Sáḿpúlà lè ṣe èyí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni ó mú un rọrùn jù, torí pé ó lè mú ohùn ẹyọ kan láàárín gbólóhùn, kí ó sì gbé e sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè ìlù lè sọ oríkì di ìsọkúsọ láìmọ̀.

Lónìí, ògiri àárín méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Púpọ̀ nínú àwọn MPC tí Akai gbé jáde láti 2017 ní kọ̀ǹpútà nínú ara wọn. A sì lè so ojú ìtẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, kí ilé-ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ fi kọ̀ǹpútà tí ó ní bẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ohùn ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré, kí ó ní kí wọ́n fi ṣe odidi bíìtì. Ìgbà náà ni wọn yóò mọ ohun tí àìtó fi kọ́ àwọn aṣáájú wọn. Kí wọ́n sì tó gé dùndún kankan, kí a pe onílù wá sí kíláàsì, kí ó sọ fún wọn ohun tí ìlù náà ń wí.